Ẹni Tó Ti Pẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ni Kó Tún Ìdánrawò Ṣe

Nínú ìrìn-àjò ojú òkun tó gùn, tí wọ́n pín sí abala-abala, ẹni tó wọkọ̀ lánàá kì í dá àwa tí a ń bójú tó ààbò èrò lágara. Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀, nítorí náà á gbọ́rọ̀, á sì béèrè ohun tí kò bá yé e. Ẹni tó ń já wa láyà ni ẹni tó ti wà nínú ọkọ̀ láti abala kìn-ín-ní, tó ti mọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ, tó sì ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé, "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí ìdánrawò ohun tí a ó ṣe bí ewu bá dé, ojú ayé ni wọ́n ń ṣe." Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, òótọ́ ni. Àmọ́ ojú tó ti rí òkun yẹn gan-an ni kì í wo àmì ara ògiri mọ́.

Òfin pàápàá dá kún un. Àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, SOLAS, tí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1914 lẹ́yìn tí Titanic rì, tí èyí tó wà nílẹ̀ báyìí sì jẹ́ ti 1974, sọ pé bí èrò yóò bá lò ju wákàtí 24 lọ nínú ọkọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé gbọ́dọ̀ péjọ fún ìdánrawò kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí gbàrà tó bá ṣí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni òfin wí. Ẹni tó ti wọkọ̀ láti oṣù méjì sẹ́yìn, tó ń bá a lọ sí abala kẹta, kò sí lára wọn. Oníkálukú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló wá ń ṣe tirẹ̀: àwọn kan ń pe gbogbo èrò ní abala kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn á ní kí ẹni tó ń bá ìrìn-àjò lọ máa sinmi. Bí ẹ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ní kí ẹ sinmi, ẹ lọ síbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè yín.

Tẹ́lẹ̀ rí, wákàtí 24 gbáko ni òfin fún ọkọ̀ láti fi pe àwọn èrò tuntun. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní, 2012, Costa Concordia kúrò ní èbúté Civitavecchia ní Ítálì. Ọkọ̀ tó ń kó èrò ní èbúté tó ju ẹyọ kan lọ ni, tó jẹ́ pé ibi tí ìrìn-àjò ẹnì kan ti ń parí ni ti ẹlòmíràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 700 èrò ló wọ̀ ọ́ ní Civitavecchia, ọjọ́ kejì ni wọ́n sì fi ìdánrawò tiwọn sí. Alẹ́ ọjọ́ 13 yẹn náà ni ọkọ̀ ọ̀hún forí sọ àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio. Wọ́n ń sọ fún èrò pé iná ló lọ. Ó lé ní ìṣẹ́jú 45 kí wọ́n tó fun fèrè ìdágìrì. Ènìyàn 32 ló kú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, 2015 ni àyè wákàtí 24 yẹn ti di ohun àná.

Ohun tó sábà máa ń yí padà láàárín abala méjì ni yàrá. Ẹni tó ra abala mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè sùn ní yàrá mẹ́ta. Wọ́n á bá a gbé ẹrù rẹ̀, wọ́n á fún un ní káàdì tuntun, ó parí. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kékeré kan wà lára káàdì yẹn tó ń sọ ibùdó ìpéjọ yín, ìyẹn ibi tí ẹ máa péjọ sí bí ewu bá dé. Bí ẹ bá ṣí láti iwájú ọkọ̀ lọ sí ìdí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà náà ti yí padà, kí ọkọ̀ ìgbàlà yín sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ti rí èrò tó dúró ṣinṣin ní ibùdó tó ń lò ní abala tó kọjá, tí a sì ń wá a kiri níbi tó yẹ kó wà. Bí ó bá jẹ́ iná ló ń jó lóòótọ́ ni, òṣìṣẹ́ kan ì bá ti wọ inú èéfín lọ wá ẹni tí kò sọnù. Ìdí tí a fi ń ka èrò nìyẹn, tí a kì í fi gba "mo wà níbí, ẹ má dààmú" láti ọ̀nà jíjìn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá gba yàrá tuntun, ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri, kí ẹ rìn lọ síbi àtẹ̀gùn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ máa ka ilẹ̀kùn. Ó lè jẹ́ mẹ́sàn-án, ó lè jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹ padà wá, kí ẹ ka ti ọ̀nà kejì, torí èéfín lè ti dí ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú: àmì tó ń tàn wà níbẹ̀ nítòsí ilẹ̀, nítorí òkè ni èéfín ń lọ, ẹni tó ń rákò ló máa nílò rẹ̀. Bí iná bá lọ ní aago méjì òru, àwòrán tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kò ní wúlò fún yín, iye ilẹ̀kùn yẹn ni yóò wúlò. Kí ẹ sì gba orí àtẹ̀gùn dé ibùdó náà. Lífítì kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ, ẹsẹ̀ tí kò bá gba orí àtẹ̀gùn rí kò lè mọ̀ ọ́n lójijì.

Àwa òṣìṣẹ́ náà ń pààrọ̀ ara wa. Àdéhùn iṣẹ́ ẹni tó kọ́ yín ní abala kìn-ín-ní lè ti parí ní èbúté tó kọjá. Ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò iná àti ti fífi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ó bá sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin òṣìṣẹ́ lọ tí kò tíì bá wọn ṣe é nínú ọkọ̀ yẹn láàárín oṣù tó kọjá, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kí wákàtí 24 tó pé tí ọkọ̀ kúrò ní èbúté. Ohun tí ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀ ni pé SOLAS kan náà ní kí a máa rọ̀ wọ́n gidigidi láti wá síbi ìdánrawò ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú omi, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é. (Ariwo rẹ̀ ń da oorun yín rú, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹjọ́ wa sùn.)

Láti 2020 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń gbé ìdánrawò sórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n: ẹ ó wo fídíò, ẹ ó wá lọ sí ibùdó yín ní àkókò tó bá rọ̀ yín lọ́rùn kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka káàdì yín. Ó dára ju kí gbogbo ayé dúró sójú kan lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń tan fídíò náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọ eyín. Ohun kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ pàdánù nínú rẹ̀ ni ìró fèrè náà: ìró kúkúrú méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí gígùn kan tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ ọ, ibùdó ìpéjọ ni kí ẹ máa lọ. Kò tíì túmọ̀ sí pé kí ẹ wọ ọkọ̀ ìgbàlà. Ìyẹn di ìgbà tí ọ̀gákọ̀ bá pàṣẹ.

Ẹ sì lè pẹ́ ní ibùdó ìpéjọ náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta, 2019, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ èrò Viking Sky kú nínú ìjì lẹ́bàá etíkun Nọ́wè, nítorí ọ́ìlì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Ènìyàn 1,373 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi hẹlikọ́pítà fa àwọn tó ju 470 lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn yòókù sì jókòó títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nítorí náà, aṣọ tó nípọn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, awò ojú àti oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ mú dání. Ẹ fi àpótí ẹrù sílẹ̀. Nínú ìrìn-àjò gígùn, oògùn máa ń wà káàkiri inú dúrọ́ọ̀. Ẹ kó ti ọjọ́ mélòó kan sínú àpò kékeré kan, kí ẹ fi sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀wù agbẹ̀mílà lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lè wà ní ibùdó. Ẹ bi wọ́n, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ de okùn rẹ̀, kí ẹ wá fèrè àti iná kékeré ara rẹ̀. Bí ọmọ bá wà pẹ̀lú yín, ti ọmọdé ni kí ẹ gbà. Ẹni tó sanra gan-an, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ tàbí tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, kó tún un sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní abala kọ̀ọ̀kan, nítorí àkọsílẹ̀ tuntun ni wọ́n máa ń ṣe.

Ọjọ́ tí abala bá parí ló dára jù fún gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ èrò ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn tuntun kò tíì dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá. Ẹrù nìkan ló kù lẹ́bàá ògiri. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n to ẹrù dí ilẹ̀kùn àbáyọ, tàbí tí ilẹ̀kùn kan kọ̀ tí kò ṣí, ẹ wá sọ fún wa lójú ẹsẹ̀, ẹ má rò pé ẹlòmíràn ti sọ.