Bí Owó Ṣe Ń Wọ Inú Ìwé Oògùn

Ẹni tó fẹ́ ra gààrí lọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí kò bá kan tó bó ṣe fẹ́, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Oògùn kò ṣeé tọ́ wò bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, ẹni tó ń tajà ló ń sọ irú ọjà tí oníbàárà máa rà, iye tó máa rà, àti ọjọ́ tó máa padà wá rà sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ jèrè nídìí ìṣègùn kì í fi í wá aláìsàn lọ. Kálámù dókítà ló ń wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní jìbìtì nínú. Nínú náírà 100 tí wọ́n ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó ju 70 lọ tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ní Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó kò sì lè gba owó gidi lórí káàdì, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tójú rí ni wọ́n ń sanwó fún: abẹ́rẹ́, dírípù, oògùn nínú ọ̀rá. Orí wọn ni owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù nọ́ọ̀sì ti ń jáde. Dókítà tó bá ní, "Ẹ lọ sinmi, ẹ mu omi dáadáa, ó máa lọ," lè ti sọ òótọ́, àmọ́ kò pa kọ́bọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Aláìsàn pàápàá á máa ráhùn pé kò mọ nǹkan kan.

Ibi tí èyí ti hàn jù ni ọ̀rọ̀ ibà àti táífọ́ìdì. Àwọn méjèèjì ti di ìbejì lẹ́nu wa, àfi bíi pé ọ̀kan kì í wá láìmú èkejì dání. Ti ibà rọrùn: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíákíá wà, láti 2010 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n ṣe é kí wọ́n tó fún èèyàn ní oògùn ibà. Widal tí wọ́n fi ń wá táífọ́ìdì ni ìṣòro. Níbi tí àrùn náà bá ti wọ́pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko lè ní ohun tí Widal ń wá, torí ó ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Àyẹ̀wò tó ṣeé gbọ́kàn lé ni kí wọ́n gbin kòkòrò láti inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń gba ọjọ́ mélòó kan, owó rẹ̀ sì pọ̀. Widal kò wọ́n, ó ń yá, ó sì sábà máa ń mú nǹkan bọ̀. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò ọlọ́jọ́ márùn-ún á tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó purọ́ fẹ́nì kankan, jẹnẹrétọ̀ sì ti mu epo. Gbèsè rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, lára kòkòrò tí oògùn ò ní ràn mọ́.

Kọ́míṣọ̀n ní tirẹ̀ kò ní àwíjàre. Ilé àyẹ̀wò tàbí ilé scan á kó fọ́ọ̀mù fún dókítà. Aláìsàn tó bá mú un dé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó rán an wá sílẹ̀. Bí oṣù bá parí, ìpín onítọ̀hún á wọ àkáǹtì. Wọn kì í yọ owó yẹn nínú èrè tiwọn o, ó ti wà nínú iye tí aláìsàn san. Ilé àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ rẹ̀ dára àmọ́ tí kì í fúnni ní nǹkan á wá jókòó máa lé eṣinṣin. Ìlànà MDCN, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, ka irú pínpín owó yìí léèwọ̀. Ta ló máa fẹjọ́ sùn? Aláìsàn ò mọ̀, ẹni tó mọ̀ ń jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn kì í sábà gbé owó wá bẹ́ẹ̀. Rẹ́ẹ̀pù wọn, ìyẹn ẹni tó ń bá wọn polówó oògùn fún dókítà, ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà klíníìkì, tòun ti kálámù, kàlẹ́ńdà, oògùn ọ̀fẹ́ díẹ̀ àti ìrẹsì inú páálí. Dókítà á búra pé ìrẹsì kan ò lè yí òun lọ́kàn padà. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2016 rí i pé àwọn dókítà tó gba oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan péré, tí kò tó 20 dọ́là, ń kọ oògùn ilé-iṣẹ́ tó gbé oúnjẹ náà wá ju àwọn tí kò gbà lọ. Ìwádìí náà kò fi dájú pé oúnjẹ ló fà á, ṣùgbọ́n ẹnu tó jẹ dòdò, wọ́n ní kò lè sọ òdodo. Òfin 2010 lọ́hùn-ún ní kí ilé-iṣẹ́ kọ ohun tí wọ́n bá fún dókítà síta, kí ẹnikẹ́ni lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Rẹ́mọ, páálí oògùn ni ìwé tó wà lọ́wọ́ aláìsàn: lábẹ́ orúkọ ńlá ni orúkọ oògùn gan-an wà, ní lẹ́tà wínníwínní. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde ní Oṣù Kẹjọ 2023 pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí owó Augmentin fò sókè, ẹni tó mọ̀ pé amoxicillin àti clavulanic acid ló wà nínú rẹ̀ ló mọ ohun tó máa béèrè dípò rẹ̀.

Lábẹ́ adójútòfò ìlera, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí adójútòfò náà, tí òfin 2022 fi rọ́pò NHIS, ń jẹ́ kí ilé ìwòsàn gba iye kan lóṣù lórí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ìbáà wá, ìbáà má wá. Náírà 750 ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2025 ni wọ́n sún un sí 1,450. Ẹni tí kò yọjú ló wá di èrè, ẹni tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di òfò. Níbí, kálámù á máa ṣahun. Bí wọ́n bá sì fẹ́ gbé aláìsàn láti Ìpẹ̀rù lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó wà ní Ṣàgámù, tí kì í ṣe pàjáwìrì, wọ́n ní láti gba kóòdù àṣẹ lọ́wọ́ HMO, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó adójútòfò, lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí kò fojú kan aláìsàn, tó sì mọ̀ pé kóòdù kọ̀ọ̀kan tóun bá fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ òun ló máa sanwó rẹ̀.

Abala 23 Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó wà fún un, àǹfààní wọn, ewu wọn, iye tí wọ́n máa ná an, àti pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ìjẹ̀bú tó lè ná aṣọ Ojúde Ọba láàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó máa dìde lọ, tó tún máa padà wá, bó bá dé iwájú dókítà, ohun tó máa sọ ni "Ẹ ṣeun, sà." Á gba ìwé, á sì béèrè ọ̀nà ilé àyẹ̀wò.