Ibi ìrántí gbangba àti ẹbí àwọn tí àjálù pa

Ibi ìrántí gbangba ni ọgbà, òkúta tàbí ògiri olórúkọ tí ìjọba tàbí ará ìlú yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí àjálù kan pa. Gbogbo ìlú ló ni ín, ṣùgbọ́n ojú tí ẹbí olóògbé fi ń wò ó yàtọ̀ sí ti àlejò, pàápàá bí wọn kò bá rí òkú gbé sin. Níbi tí kò ti sí sàréè, ibi ìrántí ló ń di sàréè.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Òkè-Àfà, l'Ékòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, iná ran ibi tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù sí ní bárékè Ìkẹjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún léraléra. Àwọn èèyàn sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko ti bo kánáàlì Òkè-Àfà débi pé ilẹ̀ ni ẹni tó ń sáré lókùnkùn rò pé òun ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ já sínú omi, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn já lé wọn lórí. Lápapọ̀, àwọn tó kú lé ní 1,000, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin lára àwọn òkú náà sí, ibẹ̀ náà ni òkúta ìrántí wà, tí wọ́n ń gbé òdòdó sí lọ́dọọdún. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ẹbí tún fi ń rán ìjọba létí ìlérí ìrànwọ́ tó ṣe fún wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí ló ta kókó jù. Òkú ọ̀fọ̀ ni ọmọdé tó kú, nílẹ̀ Yorùbá, wọn kì í sì í fẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Ní Òkè-Àfà, gbangba ni ojú oórì wà. Ìyá tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìrántí kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbàgbé.

Ní New York, orúkọ 2,983 ló wà lára idẹ tó yí adágún omi méjì ká níbi tí ilé gogoro méjì ti World Trade Center ti wó ní 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú kọlù wọ́n; àwọn 6 tí bọ́ǹbù pa níbẹ̀ ní 1993 wà lára wọn. Wọn kò to orúkọ náà ní A, B, D. Àwọn ẹbí ló sọ ẹni tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sì lé ní 1,200. Àwọn kan máa ń tẹ́ bébà lé orúkọ, wọ́n á fi pẹ́ńsù ra á títí lẹ́tà yóò fi hàn, wọ́n á ká a lọ sílé.

Nǹkan bí 1,100 nínú àwọn tó kú níbẹ̀ ni àyẹ̀wò DNA kò tíì rí ohunkóhun tó jẹ́ tiwọn. Nígbà tí wọ́n gbé egungun tí a kò mọ ẹni tó ni ín lọ sábẹ́ ilẹ̀, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, lóṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn ẹbí kan fi aṣọ dúdú di ẹnu wọn: wọn kò fẹ́ kí òkú wọn wà nínú ilé tí àlejò yóò máa sanwó wọ̀ (dọ́là 24 ni lọ́dún náà). Àwọn mìíràn fara mọ́ ọn. Yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kó egungun náà sí; ẹbí nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún.