Ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Jàpáànù

Ní Jàpáànù, kíláàsì kẹta ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìlànà ẹ̀kọ́ tó pa á láṣẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ lé ní 19,000 nígbà náà. Kíláàsì kẹta àti ìkẹrin ń ṣe é ní ìgbà 35 lọ́dún, ìṣẹ́jú 45 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Orin, eré àti ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, ó di iṣẹ́ tó dá dúró, tó ní ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí àti máàkì, ní ìgbà 70 lọ́dún. Kí ọmọ tó jáde, ó yẹ kó ti mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi 600 sí 700.

Wọn kò ṣàdédé dé ibẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba méjì ní Osaka. Ní 2002, wọ́n gba ilé ẹ̀kọ́ tó bá wù láyè láti máa fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Ní 2011, ó di dandan fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà, àmọ́ kò tíì ní máàkì.

Ọrùn olùkọ́ kíláàsì ni ẹrù náà já lé. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Jàpáànù, olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ìwé kíkà àti eré ìdárayá, òun náà ló ń bá wọn jẹun ọ̀sán nínú kíláàsì. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ yìí kò kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì rí. Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn fúnra wọn kọ́ nílé ìwé jẹ́ ti gírámà àti ìtumọ̀ lórí pépà, nítorí ìdánwò. Ojú máa ń tì wọ́n láti la ẹnu, ìtìjú ọ̀hún sì tètè máa ń ran ọmọ.

Ní 2014, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀ pẹ̀lú British Council. Wọ́n ṣa olùkọ́ jọ láti agbègbè kọ̀ọ̀kan, àwọn wọ̀nyí padà sílé láti kọ́ aṣojú ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, aṣojú sì kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí ò náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n omi tí a ń dà láti inú igbá kan sí òmíràn kì í dé ibi tó ń lọ láìdínkù.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni àṣà kan tí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ń ṣe tipẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Olùkọ́ kan á kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, á sì kọ́ kíláàsì náà lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n ń dúró sí pẹ̀lú pépà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ni wọ́n sì ń wò. Tí àwọn ọmọ bá ti lọ, wọ́n á jókòó yẹ̀ ẹ́ wò: ta ni kò sọ̀rọ̀? Ibo ni eré ti dùn débi pé Gẹ̀ẹ́sì gan-an di ìgbàgbé?

Ìṣòro ohùn ò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Èdè Jàpáànù náà kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì so mọ́ra. Bí a ṣe sọ milk di mílíìkì, miruku ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í sì ya l sọ́tọ̀ kúrò lára r. Èyí tó tún le ni pé kíláàsì kẹta kan náà ni àwọn ọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi lẹ́tà ABD kọ èdè Jàpáànù. Nínú ìlànà tí ilé ìwé lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, "ti" ni wọ́n fi ń kọ ohùn tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní "chi". Ọmọ tó ti mọ èyí lórí ló wá bá "tiger" pàdé.

Àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní ALT, àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tí wọ́n ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì, ń ṣe gudugudu méje lórí ohùn. Ètò JET, ètò ìjọba tó ń kó àwọn ará òkèèrè wá ṣiṣẹ́ ní Jàpáànù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 pẹ̀lú ènìyàn 848 láti orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ló kó púpọ̀ nínú wọn wá. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan ni ALT kan lè máa yí ká, olùkọ́ tó ní ìwé àṣẹ ló sì ni kíláàsì.

Onímọ̀ èdè Yukio Otsu wà lára àwọn tó ta ko ètò náà gidigidi. Ó ní kí ọmọ kọ́kọ́ fi èdè abínibí rẹ̀ mọ bí èdè ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn tó wọ yunifásítì láti 2019 láti di olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ni ní èdè òkèèrè ní dandan. Láti 2022, ìjọba tún ń fẹ́ kí olùkọ́ tó dántọ́ nínú iṣẹ́ kan máa kọ́ àwọn kíláàsì òkè ní Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti eré ìdárayá. Ní àwọn erékùṣù àti abúlé òkè, níbi tí kíláàsì méjì ti ń jókòó sínú yàrá kan nítorí ọmọ ò pọ̀, èyí nira. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lè máa ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín ọ̀sẹ̀.