Ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá: bí ẹjọ́ owó orí tó pẹ́ ṣe ń rí ọ̀nà wọlé

Tí ìwé owó orí tó wúwo bá dé bá oníṣòwò ní Kàbà tàbí Ìsánlú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n wá ẹni tó mọ ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí. Wọ́n á lọ kí ọ̀gá, ọ̀gá á ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àwọn á tún ìṣirò náà wò. Wọ́n á darí sílé. Nígbà tó bá yá, ìwé mìíràn á dé pé owó náà ti fìdí múlẹ̀, kò sí àríyànjiyàn lórí ẹ̀ mọ́. Ariwo á wá sọ: "Ṣebí a ti jọ sọ̀rọ̀?" Wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àjọsọ kì í dá ọjọ́ dúró. Ìpàdé kì í dá a dúró, lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kì í dá a dúró, kódà kí òṣìṣẹ́ owó orí fúnra ẹ̀ ní "ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ọjọ́ ń lọ ní tiẹ̀. Nínú gbogbo àṣìgbọ́ tó wà nípa owó orí, èyí ló ń ba ẹjọ́ rere jẹ́ jù, torí ẹni tó gbà á gbọ́ kì í mọ̀ pé òun ti pẹ́.

Ètò náà fúnra ẹ̀ kò gùn. Ẹni tí iye tí wọ́n bù fún un kò tẹ́ lọ́rùn á kọ àtakò ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀ lásán: á sọ ohun tí wọ́n ṣì níbẹ̀, iye tó wọlé fún un gan-an, àti iye owó orí tó rò pé ó tọ́. Tí iléeṣẹ́ náà bá kọ̀ láti tún un ṣe, á fún un ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ̀n ọjọ́ kejì ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí yóò fi gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Ìgbẹ́jọ́ Owó Orí, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Tiribúnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe òfin owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 2011, ibẹ̀ ni ẹjọ́ owó orí ìpínlẹ̀ pàápàá ń lọ. Lẹ́yìn Tiribúnà ni Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, lórí kókó òfin nìkan.

Ọgbọ̀n ọjọ́ kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ọdún 2007 tó dá Tiribúnà sílẹ̀, tó sì darí ẹ̀ kí àwọn òfin tuntun ti 2025 tó dé, sọ gbólóhùn méjì tó dojú kọra wọn. Èkíní ní tí ẹni tí wọ́n bu owó orí fún kò bá gbé ẹjọ́ wá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, iye náà ti fìdí múlẹ̀, iléeṣẹ́ owó orí sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìtanràn àti èlé lórí ẹ̀. Èkejì ní Tiribúnà lè gba ẹjọ́ tó pẹ́ wọlé bó bá dá a lójú pé ìdí tó tó wà tí kò fi tètè dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èkíní, wọ́n sọ̀rètí nù. Àwọn mìíràn gbọ́ èkejì lẹ́nu èèyàn, wọ́n fẹsẹ̀ lélẹ̀ títí ó fi di oṣù mẹ́fà.

Kíka ọjọ́ náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Òfin tó ń túmọ̀ òfin ní Nàìjíríà ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Ká ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ jáde ní Lọ́kọ́ja ní 19 Oṣù Kẹta 2025: ogúnjọ́ ni ọjọ́ kìíní, ọjọ́ ọgbọ̀n sì bọ́ sí 18 Oṣù Kẹrin. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, ọlidé ni. Tí ọjọ́ ìkẹyìn bá bọ́ sí ọlidé, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e tí kì í ṣe ọlidé ni. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ohun tí òfin náà pè ní ọlidé ni ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Kò mẹ́nu kan ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tó bá ka òfin bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ọjọ́ Àbámẹ́ta 19 Oṣù Kẹrin ni ọjọ́ ti tán fún un, nígbà tí ọ́fíìsì ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó sì ro pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Àjíǹde lòun á lọ ti di ẹni tó ń wá àwíjàre.

Ohun mìíràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ibi tí kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin 2007 ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu, kò sọ pé ọjọ́ tí ìwé tẹ oníwèé lọ́wọ́. Fún ẹni tó ń gbé ní òpópónà kan náà pẹ̀lú iléeṣẹ́ owó orí, kò sí wàhálà. Fún ẹni tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀, tí ìwé kúrò ní Lọ́kọ́ja lọ́wọ́ awakọ̀, tó sùn ní Kàbà, tó dé ọwọ́ ọmọ ṣọ́ọ̀bù kó tó dé ọwọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ìdajì ọgbọ̀n ọjọ́ lè ti lọ kó tó ṣí àpòòwé. Àbùkù gidi nìyí nínú ètò náà, àwíjàre pípẹ́ ló sì ń dí ihò yẹn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ju àpòòwé nù. Kọ ọjọ́ tó dé sára ẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kí a sì ya fọ́tò ìwé tí ẹni tó mú un wá ní kí a fọwọ́ sí.

Bí ẹni tó pẹ́ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ àkókò, ìyẹn pé kí Tiribúnà gba ẹjọ́ ẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, òun ni ibi tó dùn jù nínú ètò yìí. Kì í ṣe lẹ́tà. Ìwé ìbéèrè ni, tí wọ́n fi sí iwájú Tiribúnà, tí wọ́n sì fún iléeṣẹ́ owó orí ní ẹ̀dà kan kó lè fèsì. Ìwé ìbúra wà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀dà ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wà níbẹ̀, àlàyé òfin tí lọ́yà kọ wà níbẹ̀, ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí ẹni náà fẹ́ gbé wọlé gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìdí ẹjọ́, sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé ìkẹyìn yìí ni àwọn tó kánjú máa ń gbàgbé, torí wọ́n rò pé àánú ni àwọn wá tọrọ.

Kì í ṣe àánú. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti là á sílẹ̀ tipẹ́, nínú ẹjọ́ Ibodo àti Enarofia ní 1980, pé nǹkan méjì ni ẹni tó pẹ́ gbọ́dọ̀ kó wá pọ̀: ìdí gidi tó fi pẹ́, àti ìdí ẹjọ́ tó fi hàn pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Tí ọ̀kan bá sọnù, èkejì kò lè dá ṣe é. Ẹni tí àìsàn ṣe lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí ẹjọ́ ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ á padà sílé. Ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ dára bí wúrà ṣùgbọ́n tó kàn jókòó sílé, òun náà á padà. Ìmọ̀ràn ọlọ́gbọ́n ni: ẹsẹ̀ kìíní kì í jẹ́ kí ọ̀lẹ sọ ọgbọ̀n ọjọ́ di ọgọ́rùn-ún, èkejì sì ń gba Tiribúnà lọ́wọ́ ẹjọ́ tí wọ́n kàn fẹ́ fi ra àkókò. Àyọkúrò kan wà tí àwọn lọ́yà máa ń dì mú: tí ìdí ẹjọ́ bá fi hàn gbangba pé ẹni tó ṣe ìpinnu náà kò ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà rárá, ilé-ẹjọ́ lè má béèrè ìdí tí wọ́n fi pẹ́. Ẹjọ́ Ukwu àti Bunge, 1997, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí.

Nínú ìwé ìbúra, iṣẹ́ náà dà bí ti àwọn obìnrin Búnú tó ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró. Òwú kọ̀ọ̀kan ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí òwú kan bá já láàárín, ojú ẹni tó ń wo aṣọ kì í lọ síbi tó dára, ibi tó já ló ń lọ. Òwú tó já ṣeé so lórí òfì. Ní iwájú Tiribúnà, kókó tí wọ́n bá so níbi tí kò sí òwú ni irọ́, irọ́ nínú ìwé ìbúra sì ní ẹ̀wọ̀n nínú.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ìwé jáde ní 19 Oṣù Kẹta 2025, ó dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìsánlú ní 7 Oṣù Kẹrin. Ọjọ́ méjìlá ló kù kó tó di 19 Oṣù Kẹrin. Ní 10 Oṣù Kẹrin, oníṣọ́ọ̀bù wọ ọsibítù, ó jáde ní 2 Oṣù Karùn-ún. Ó rí lọ́yà ní 6 Oṣù Karùn-ún. Wọ́n fi ìwé sílẹ̀ ní 27 Oṣù Karùn-ún. Gbogbo èèyàn á máa sọ̀rọ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n ohun tí lọ́yà iléeṣẹ́ owó orí máa bi ni: kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín 6 sí 27? Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi sílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bóyá wọ́n ń wá ẹ̀dà ìwé àkáǹtì ní báńkì, bóyá lọ́yà wà ní kóòtù mìíràn. Ohunkóhun tó bá jẹ́, kí wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú ọjọ́ ẹ̀. Káàdì ọsibítù tó ní ọjọ́ ìwọlé àti ìjáde lágbára ju ìwé tí oníkẹ́mísì kọ lọ. Tí ẹni tó ní òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì bá fọwọ́ sí ìwé ẹrù ní 15 Oṣù Kẹrin, ìwé ẹrù náà ló máa jẹ́rìí.

Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ìlànà lórí ohun tó lè wà nínú ìwé ìbúra, àwọn ẹjọ́ kan sì máa ń ṣubú níbí yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn òfin, kò sí "mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ṣàánú mi". Tí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ẹlòmíràn wá, á dárúkọ ẹni náà, á sọ ìgbà àti ibi tó ti gbọ́ ọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó gba ìwé ní 7 Oṣù Kẹrin, ó dára jù kí òun fúnra ẹ̀ búra. Tí ẹni tó ń búra kò bá mọ̀wé, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó gba ìbúra sì jẹ́rìí pé wọ́n kà á fún un ní èdè tó gbọ́, ó sì yé e. Ìyá tó ń sọ èdè Òkun nìkan, tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbóná fún tí kò sí gbólóhùn yìí nísàlẹ̀ ẹ̀, ìwé ìbúra ẹ̀ ti ń ṣàìsàn kó tó dé kóòtù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n tẹ̀ jáde láti fi hàn pé òṣìṣẹ́ ń ṣèlérí: ó nílò ìwé ẹ̀rí tó sọ irú ẹ̀rọ tó ti jáde àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ̀bi lọ́yà ńkọ́? Wọ́n máa ń rò pé òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, nínú ẹjọ́ Bowaje àti Adediwura ní 1976, ti fi hàn pé kò yẹ kí oníbàárà jìyà àṣìṣe agbẹjọ́rò ẹ̀ tó ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà gbọ́dọ̀ ní ojú: kí lọ́yà fúnra ẹ̀ búra pé òun ka ọjọ́ ṣì, tàbí pé akọ̀wé òun fi ìwé sínú fáìlì mìíràn. "Lọ́yà mi ló jẹ̀bi" tí lọ́yà kò sì sọ nǹkan kan, òkò tó bọ́ sínú omi ni. Oníbàárà tí kò tún bi lọ́yà léèrè fún oṣù mẹ́ta ní ìbéèrè tiẹ̀ láti dáhùn.

Ẹsẹ̀ kejì, pé ẹjọ́ náà yẹ ní gbígbọ́, kì í ṣe pé kí wọ́n borí. Kó ṣáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. "Owó yìí pọ̀ jù" kì í ṣe ìdí ẹjọ́. Èyí ni: oníkajú kan ní Ìyàrà ń ra kajú fún iléeṣẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn, wọ́n ń fi owó ìrajà ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ̀, ó ń san án fún àwọn àgbẹ̀, kọ́míṣọ̀n lórí àpò kọ̀ọ̀kan nìkan ni tiẹ̀. Iléeṣẹ́ owó orí rí gbogbo owó tó wọ àkáǹtì náà, wọ́n bu owó orí lé gbogbo ẹ̀ lórí bí ẹni pé èrè ni. Tó bá so ìwé àdéhùn, ìwé àkáǹtì àti ìwé sísan fún àwọn àgbẹ̀ pọ̀, Tiribúnà lè rí ìjà tó yẹ kí wọ́n gbọ́ níbẹ̀, kódà tó bá pẹ́. Ẹni tó ń gba àjọ náà wà nínú irú ọ̀ràn yìí: owó àjọ kì í ṣe owó alájọ.

Owó tún wà níbẹ̀. Ìlànà Tiribúnà ti 2021 ní kí ẹni tó gbé ẹjọ́ wá fi ìdajì iye tí wọ́n ń jà lé lórí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀, èyí tí àwọn lọ́yà ti bá jà gidigidi. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ àkókò ní láti ronú síbẹ̀, torí ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún tí kò sì lè wọlé kò jèrè nǹkan kan. Àwọn òfin owó orí tuntun ti 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn kan láti ìparí Oṣù Kẹfà 2025, àwọn yòókù láti ọjọ́ kìíní Oṣù Kìíní 2026, Tiribúnà sì ti kúrò lábẹ́ òfin 2007. Ẹni tí ìwé ẹ̀ bá jáde lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, òfin tuntun ni kó ṣí kó tó ka ọjọ́. Ti oníkajú àti ti oníṣọ́ọ̀bù òkè yìí, òfin àtijọ́ ló ń darí wọn.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sójú. Ìwé ìbéèrè àkókò kò dá iléeṣẹ́ owó orí dúró láti gba owó. Lábẹ́ òfin owó orí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà títí di ìparí 2025, wọ́n lè gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga kí wọ́n wá kó ẹrù. Ẹrù náà á wà lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n tó tà á. Nítorí náà, lọ́yà tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ ìbéèrè méjì pọ̀ lójú kan náà: èkíní fún àkókò, èkejì kí Tiribúnà dá gbígba owó náà dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́.