Bí òfin ìbọn adigunjalè ṣe di ti agbésùnmọ̀mí

Ẹni tó bá lọ wòran ní Freedom Park ní Broad Street, Èkó, ó lè jókòó síwájú pèpéle ńlá láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so èèyàn rọ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n òyìnbó ni gbogbo ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, Awólọ́wọ̀ náà ṣe é. Òkùn ni wọ́n fi ń pa apànìyàn nígbà náà, lẹ́yìn ògiri, níbi tí ojú ará àdúgbò ò tó.

Ogun abẹ́lé ló gbé ikú náà bọ́ sí gbangba. Nígbà tí ogun parí ní 1970, ìbọn ti fọ́n sígboro, olè sì di adigunjalè. Ìjọba Gowon gbé Dikíríì 47, òfin ológun, jáde: ẹni tó bá digun jalè, ikú ni. Bar Beach ni wọ́n yàn. Wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n to àgbá sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 1971, tí wọ́n mú Ìṣọ̀lá Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, wá, èrò kún etí òkun bí ọjọ́ Ẹ̀yọ̀. Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bọ̀ nídìí òpó. Lójú tèmi, ẹ̀rín yẹn ti dáhùn ìbéèrè tí a ṣì ń bi ara wa dòní: ṣé ikú ń dẹ́rù ba ọ̀daràn? Ní 1976, ìbọn náà ni wọ́n fi pa Dimka, ọ̀gá ológun, àti àwọn tó bá a dìtẹ̀ láti gbàjọba.

Ti agbésùnmọ̀mí, ikú kọ́ ló kọ́kọ́ wà nínú ìwé o. Òfin EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, ti 2004 ló kọ́kọ́ dá a dúró bí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni wọ́n kọ síbẹ̀. Òfin tirẹ̀ gan-an dé ní 2011, ọdún tí Boko Haram ju bọ́ǹbù sí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá àti ilé àjọ UN l'Abuja. Àtúnṣe 2013 ló fi ikú kún un. Síbẹ̀, nígbà tí ilé ẹjọ́ dá Kabiru Sokoto lẹ́bi ní ìparí ọdún yẹn, nítorí bọ́ǹbù ọjọ́ Kérésì 2011 ní Madalla, ẹ̀wọ̀n gbére ló gbà.

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2017, lórí àwọn ajínigbé: ẹ̀wọ̀n gbére, àfi tí ẹni tí wọ́n jí bá kú sọ́wọ́ wọn, ìyẹn di ikú. Mo fara mọ́ gbére. Ẹni tó so bọ́ǹbù mọ́ra jáde nílé, kí ni a fẹ́ fi òpó Bar Beach dẹ́rù bà á?

Ikú tí wọ́n dá gan-an náà kì í tètè dé. Gómìnà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pípa fún ẹ̀ṣẹ̀ tó ta ko òfin ìpínlẹ̀, wọn kì í sì í sábà fọwọ́ sí i. Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri, ẹni tí adájọ́ ní kí wọ́n so rọ̀ ń hu ewú.