Bí Fífi Alùpùpù Fò Ṣe Di Iṣẹ́: Àṣehàn Ló Ṣáájú Ìmọ̀ọ́ṣe

Alùpùpù ni Robert Craig Knievel, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Evel Knievel, ń tà ní Moses Lake, ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà. Ní 1965, kí èrò lè ya wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kéde pé òun á fi alùpùpù fo àpótí ejò olóró àti ẹranko ẹhànnà méjì. Èrò wá lóòótọ́. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ gbá àpótí náà, ejò tú síta, kálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀ sá lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀.

Lójú tèmi, ìpolówó ni Knievel mọ̀ jù. Nígbà tó fẹ́ fo omi tó ń tú sókè níwájú Caesars Palace ní Las Vegas, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì náà lórí fóònù, á ṣe bí akọ̀ròyìn lónìí, á ṣe bí lọ́yà lọ́la, títí ọ̀gá náà fi rò pé gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní December 31, 1967, ó fo ẹsẹ̀ bàtà 141. Bó ṣe balẹ̀ ni ọwọ́ alùpùpù já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń yí gbirigbiri, egungun ìbàdí àti itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Tẹlifíṣọ̀n ABC tí kò fẹ́ gbé e sáfẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ra fíìmù rẹ̀. Ìṣubú yẹn gan-an ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ. Alùpùpù Harley-Davidson XR-750 tó lò jù láti 1970 wúwo, eré ìje orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe é fún, ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò sì lè gbé ìbalẹ̀ tó le. Ẹni tí ọ̀kadà bá ti gbé já sí kòtò rí mọ ohun tí mò ń wí. Ní pápá ìṣeré Wembley ní London, May 1975, ó fo bọ́ọ̀sì 13, ó ṣubú. Lóṣù karùn-ún sí i, ó fo 14 ní Ohio, ó sì balẹ̀ láyọ̀.

Robbie, ọmọ rẹ̀, fo omi Caesars náà ní 1989, ó sì balẹ̀ láyọ̀. Ìmọ̀ọ́ṣe ti wọ̀ ọ́ nígbà náà, àmọ́ Honda oníṣọ́ọ̀kì gígùn ló gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé òṣùbà fún Travis Pastrana, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń fi alùpùpù dárà. Ní July 2018, ó mọ̀ọ́mọ̀ mú alùpùpù Indian tó wúwo, tó jọ irú èyí tí Evel lò, ó wọ aṣọ funfun bíi tirẹ̀, ó fo ọkọ̀ 52, bọ́ọ̀sì 16 àti omi Caesars lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó parí, ó bẹ́ sínú omi náà taṣọtaṣọ.