Àwòrán tó jọ ilé kọ́ la fi ń kọ́lé

Ìyá kan na fóònù wọn sí mi lórí ilẹ̀ tí a ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àwòrán ilé wọn ló wà níbẹ̀: gíláàsì fèrèsé ń dán, òdòdó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mọ́tò kan dúró lẹ́nu géètì. "Èyí ni kí ẹ máa wò kọ́ ilé mi," ni wọ́n wí. "Èyí tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì yẹn, ìlà lásán ni, kò jọ ilé. Ẹ sì tún wo fèrèsé pálọ̀ yìí, ẹ ti gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àárín ògiri la fẹnu kò sí."

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu onílé, lẹ́nu káfíńtà, lẹ́nu àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Technical Drawing pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí àwòrán bá ṣe jọ nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Èyí tí kò bá jọ ọ́, iṣẹ́ tí a kò parí ni. Mi ò lè bá wọn wí, torí ojú la fi ń dá nǹkan mọ̀. Àmọ́ ojú kì í wọn nǹkan. Àwòrán tó bá ń ṣe bí ojú ti ń ṣe, dandan ni kó ba ìwọ̀n jẹ́.

Ẹ dúró sétí títì kan tó gùn tó sì tọ́, tí òpó iná tò sí. Ẹ na apá, ẹ di ojú kan, kí ẹ fi pẹ́ńsù wọn òpó tó wà ní mítà 10 síbi tí ẹ dúró sí. Èyí tó wà ní mítà 20 á jẹ́ ìdajì rẹ̀ lára pẹ́ńsù. Èyí tó wà ní mítà 40 á jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ gíga kan náà ni wọ́n fi gbogbo wọn sí. Etí títì méjèèjì á máa sún mọ́ra títí wọ́n á fi pòórá sí ojú kan ṣoṣo, ojú ọ̀hún á sì wà ní ọ̀gangan ibi tí ojú yín ga dé. Tí ẹ bá lóṣòó, á bá yín lọ sílẹ̀. Tí ẹ bá gun orí àga, á bá yín gòkè. Àwòrán tí a yà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní perspective: bí ojú kan ṣe rí nǹkan láti ibì kan.

Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí olùwòran dúró sí ló ń jẹ́rìí sí ju ilé lọ. Mo ní kí ìyá náà tẹ àwòrán yẹn jáde. Mo fi báírò fa ìlà láti igun òkè ògiri pálọ̀ lápá iwájú lọ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, mo sì fa èkejì láti igun méjì tó kù. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni àárín ògiri, ó sì bọ́ sí àárín fèrèsé gẹ́lẹ́. Rúlà ló ní kò sí láàárín, nítorí ìdajì ògiri tó sún mọ́ wa ti fẹ̀ lórí bébà, ìdajì tó jìnnà sì ti súnkì. Wọ́n wo ibi tí ìlà méjèèjì ti kọjá ara wọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Háà."

Ó ku irú àwòrán kejì, èyí tí wọ́n ní kò jọ ilé. Káàdì ATM ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Lálẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ògiri, kí ẹ gbé káàdì sí àárín méjèèjì. Bí ẹ bá ṣe ń sún un mọ́ tọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni òjìji rẹ̀ á máa tóbi. Bó bá wá di ọ̀sán, ẹ gbé káàdì kan náà síwájú ògiri tí oòrùn ń ràn sí, kó dojú kọ ògiri dáadáa, kó má fì. Mílímítà 86 ní 54 ni káàdì náà, òjìji rẹ̀ á sì jẹ́ 86 ní 54, ìbáà jìnnà sí ògiri ní ìka mẹ́ta, ìbáà jìnnà ní ẹsẹ̀ méjì. Etí rẹ̀ lè má mú mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kì í yẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ń fẹjú láti ojú kan. Ti oòrùn jìnnà débi pé ìtànṣán rẹ̀ ń bọ̀ ní ọgbọọgba. Perspective ni ti tọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ojú ẹni nípò tọ́ọ̀ṣì. Ti oòrùn, tó bá ń kọjú sí ògiri tààrà, ni wọ́n ń pè ní orthographic, òun sì ni pláànù, ìyẹn àwòrán òkè, àti àwòrán iwájú tí mo tẹ́ sórí tábìlì.

Ohun kan wà tí òjìji oòrùn náà kì í lè ṣe. Bí ẹ bá fi káàdì yẹn sí ìdagẹ̀rẹ̀, òjìji rẹ̀ á kúrú. Ìdí nìyí tí àwòrán kan ṣoṣo kì í fi í tó, tí a fi ń ya iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́. Káfíńtà tó bá ra páànù láti ara pláànù nìkan á rí i: òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀ ní dígírì 30, tó gba mítà 4 lórí pláànù, páànù rẹ̀ gùn tó mítà 4.62.

Filippo Brunelleschi ló kọ́kọ́ fi perspective han àwọn èèyàn ní ìlú Florence ní Ítálì, ní bí 600 ọdún sẹ́yìn. Ó ya ilé ìrìbọmi tó dojú kọ kàtídírà ìlú náà sórí pákó kékeré, ó lu ihò sí pákó náà, ó sì ní kí wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fojú kan wo inú ihò, kí wọ́n máa wo àwòrán náà nínú dígí tí wọ́n gbé síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí ihò yẹn. Ó mọ̀ pé bí ojú bá kúrò níbi tí òun fi í sí, àwòrán náà ò ní bá ilé mu mọ́. Leon Battista Alberti, ọ̀mọ̀wé ọmọ Ítálì kan, kọ òfin perspective sílẹ̀ ní 1435. Alberti kan náà ló kọ ìwé mìíràn nípa ilé kíkọ́, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1485, ọdún 13 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Níbẹ̀, ó ní kí ayàwòrán máa lo òjìji àti ìlà tó ń kéré lọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń ya ilé fi wọ́n sílẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara pláànù, kó má yí ìlà padà, kí igun rẹ̀ sì jẹ́ igun òótọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ òfin perspective sínú ìwé ló ń sọ fún akọ́lé pé kó má fi ṣiṣẹ́! Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibẹ̀ ní kíláàsì.

Ó tó 300 ọdún sí i kí Gaspard Monge, ọmọ oníṣòwò kan láti Beaune ní Faransé, tó sọ ọ̀nà kejì yìí di ẹ̀kọ́ tó délẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Mézières ló ti ń ṣiṣẹ́, odi agbára ni wọ́n sì ń ṣètò níbẹ̀. Ó fi hàn pé láti ara àwòrán òkè àti ti iwájú, tí a so pọ̀ lórí ìlà kan, èèyàn lè fa gígùn òótọ́ ìlà èyíkéyìí yọ láìṣe ìṣirò gbọọrọ. Àwọn ológun fi pa mọ́ bí àṣírí fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1795 ni Monge tó fi kọ́ àwọn èèyàn ní gbangba ní Paris.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni isometric, àwòrán kan ṣoṣo tó ń fi ojú mẹ́ta nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan náà. William Farish, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Cambridge, ló gbé e kalẹ̀ ní 1822, ó sì fi ọ̀rọ̀ perspective kún orúkọ rẹ̀, èyí tí kò ràn wá lọ́wọ́ rárá, torí perspective kọ́. Ìlà rẹ̀ ń fì ní dígírì 30 sí ọ̀tún àti sí òsì, kò sì sí méjì tó ń sún mọ́ra. Ọmọ tó bá ya àpótí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ á pè mí: "Sà, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju iwájú lọ." Mo máa ń fún un ní rúlà. Wọ́n dọ́gba. Ojú ti ń retí kí ẹ̀yìn kéré, nígbà tí kò kéré, ó gbà pé ó ti tóbi.

Isometric sì jọ nǹkan débi tó fi lè tan àgbà. Mo ya sítáńdì tánkì omi fún wẹ́dà kan lọ́nà yìí, torí ó ní pláànù kì í yé òun. Ojú kọ̀ọ̀kan sítáńdì náà jẹ́ mítà 2 ní mítà 2. Síkéèlì 1:20 ni mo lò, ìyẹn mílímítà 100 lórí bébà. Mo kọ ìwọ̀n sára gbogbo irin tó nàró àti èyí tó dùbúlẹ̀, mi ò kọ ti irin méjì tó ṣe àgbélébùú láti igun sí igun. Ó fi rúlà wọ̀n wọ́n: ọ̀kan jẹ́ 100, èkejì 173. Ó fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀, ó gé ọ̀kan ní mítà 2, ó gé èkejì ní mítà 3.46. Ó pè mí ní ọ̀sán: "Ọ̀gá, ọ̀kan ò dé, èkejì yọ síta." Mítà 2.83 ló yẹ kí méjèèjì jẹ́. Nínú isometric, ìlà tó bá tẹ̀ lé ọ̀nà mẹ́ta, ti ọ̀tún, ti òsì àti èyí tó nàró, nìkan ni rúlà lè gbà gbọ́. Ìlà igun-sí-igun, ọ̀kan á kúrú, ọ̀kan á gùn. Ẹ̀bi mi ni, torí èmi ni mi ò kọ ọ́, èmi náà ni mo sì san owó irin tó ṣòfò.

Ibi tí a to àwòrán iwájú, òkè àti ẹ̀gbẹ́ sí lórí bébà náà ní ìtumọ̀, ọ̀nà méjì la sì ń gbà tò wọ́n. Nínú first angle, tó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù, àwòrán òkè ń wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán iwájú; nínú third angle, ti Amẹ́ríkà, ó ń wà lókè rẹ̀. Ẹ wá àmì tó dà bí kóòpù tí wọ́n dà dùbúlẹ̀, pẹ̀lú òbírí méjì tí ọ̀kan wà nínú èkejì, òun ló ń sọ èyí tí wọ́n lò, kí ẹ tó lu ihò sí irin, kí ihò apá òsì má baà bọ́ sí ọ̀tún.

Nígbà tí ìyá yẹn gbà fún mi, mo fún bíríkìlà ní pláànù, àwòrán ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tó la ilé sí méjì. Àwòrán fóònù wà lọ́wọ́ wọn, torí òun ni wọ́n fi yan àwọ̀ ọ̀dà àti irú páànù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ bébà kọ̀ọ̀kan pé kí ẹnikẹ́ni má fi rúlà wọn àwòrán, nọ́ńbà ni kó kà. Ọjọ́ kejì, ọmọ iṣẹ́ kan ti gba pláànù náà lórí WhatsApp, ó ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà A4, bẹ́ẹ̀ A3 ni mo yà á sí. Ìlà mílímítà 36 ti di bíi 25. Ká ní rúlà ló gbé lé e, yàrá tó yẹ kó jẹ́ mítà 3.6 ì bá di mítà 2.5. Nọ́ńbà tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ló kà, ó sì ta okùn rẹ̀ sí 3.6.